Ẹja Tí Mo Dá Padà Sínú Yìnyín

Wọ́n ti dá mi lẹ́jọ́ ikú. Okùn ló kù. Lọ́jọ́ ìdájọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má tiẹ̀ pa á. Ẹ jẹ́ kó rot síbẹ̀." Yunifásítì ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ṣùgbọ́n mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù ú lọ. Wọ́n ń lò ó fún igi, fún eyín, fún èso, àti fún ẹni tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n tí wọ́n gbàgbé. Kí nǹkan máa jẹrà nínú, kójú rẹ̀ ṣì máa dán. Ẹja ló kọ́ mi.

Àǹtí mi, ìyá ọmọ yẹn, ló ni ṣọ́ọ̀bù ẹja ní Mayfair, nítòsí yunifásítì. Òun ló tọ́ mi, òun náà ló fún mi níṣẹ́. Òfin kan ló ṣe: bí iná bá lọ pẹ́, tí ẹja inú fíríìsà rọ̀, kí n kó o fún àwọn tó ń yan ẹja lọ́jọ́ náà. A kì í dá a padà sínú yìnyín.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀lẹ mú mi, mo dá a padà. Ó dì, ó ń dán. Ìyá kan tó ń se oúnjẹ tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rà á, ó tún dúpẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, èyí tí ara rẹ̀ ń yọ̀ pàápàá, mo ń fi álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi tòrò àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ tà. Ara mi ń rí mi lára bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìyá olóúnjẹ padà wá. "Àǹtí, àwọn ọmọ tó jẹ ẹja yín ń bì. Ọ̀kan ti kú."

Bó ṣe lọ tán, Àǹtí ṣí fíríìsà, ó sì bì sílẹ̀.

"O ò gbọ́ òórùn yìí ni?"

"Òórùn wo, Àǹtí?"

"O ti bàjẹ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Ó kẹ̀yìn sí mi. Irin tí a fi ń fọ́ yìnyín ẹja wà lọ́wọ́ mi, mo là á mọ́ ọn lórí. Abẹ́ ẹja inú fíríìsà ni mo tẹ́ òkú ẹni tó tọ́ mi sí. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ń bá oníbàárà ṣàwàdà.

Iná tún lọ. Àwọn aládùúgbò faṣọ bo imú wá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń pariwo òórùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ń jẹrà kì í gbóòórùn ara rẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ní ẹ ń rùn, ẹ gbà á gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún mi, mo sì pa á.