Ìborùn Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó

[Porto-Novo, 1889. Ilé-ìtajà òyìnbó kan ti ta wáyà láti ilé ẹrù rẹ̀ nínú ìlú dé àgọ́ rẹ̀ létí òkun ní Sèmè. Ọ̀rọ̀ ẹrù nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dirun fún ìyàwó alágọ̀ọ́, ṣé kò ní ráàyè ni? Safouratou, tó ń rán àpò èkùrọ́ nílé ẹrù, ni kòmí, akọ̀wé ilé ẹrù, sáré pè wá. Ó di ohun ìgbọ́rọ̀ náà mú bí ẹni mú ejò nírù.]

SAFOURATOU: Alóò! Ta nìyẹn?

ABIBATOU: Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o! Èmi Abibatou ni. Ẹ kú—

SAFOURATOU: Ọmọ mi! Ṣé kò sí nǹkan? Ọkọ rẹ ńkọ́?

ABIBATOU: Ó wà o. Ìyá, ìborùn tí ẹ kọ́ mi, tí à ń fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ìwọ̀ hun, ó ń ṣe ṣóńṣó!

SAFOURATOU: Ó ń ṣe kí ni?

ABIBATOU: Ṣóńṣó! Ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, òkè rẹ̀ ò ju ìka mẹ́ta lọ mọ́!

[Wáyà ń ta pàrà-pàrà bí epo gbígbóná.]

SAFOURATOU: Ṣé o gbọ́ mi? Ojú mélòó lo fi bẹ̀rẹ̀?

ABIBATOU: Ogún, bí ẹ ṣe wí.

SAFOURATOU: Ka ti òkè.

ABIBATOU: Ìyá, kò sáyè kíkà—

SAFOURATOU: Mo ní kà á!

ABIBATOU: Ení, èjì, ẹ̀ta… ẹ̀jọ, ẹ̀sán. Mẹ́sàn-án.

SAFOURATOU: Yéè! Mọ́kànlá ti wọgbó. Tó o bá dé etí, kí lo máa ń ṣe?

ABIBATOU: Mo máa ń fo ojú tó gbẹ̀yìn, màá wá fún un pinpin kó má baà tú. Bí a ṣe ń dirun sí ìpàkọ́.

SAFOURATOU: Háà! Onídìrí! Ta ló sọ fún ọ pé ìborùn ní ìpàkọ́? Ojú tó gbẹ̀yìn gan-an ni o kò gbọdọ̀ fò! Ó dáa, tú u, kó o tún un bẹ̀rẹ̀.

ABIBATOU: N ò lè tú u. Ìgbì ti ń rọlẹ̀.

SAFOURATOU: Kí ló kan ìgbì nínú ìborùn?

[Òkun nìkan ló ń hó nínú wáyà.]

SAFOURATOU: Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Abibatou, ta ló ni ìborùn?

ABIBATOU: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́—

SAFOURATOU: Nínú oòrùn yìí, ta ló ń fi òwú bo ọrùn ní Sèmè?

ABIBATOU: Mouftaou ni.

[Ọmọkùnrin Safouratou tó jáde nílé láìdágbére, ọjọ́ karùn-ún rèé. Safouratou ti búra pé bó bá bá ọkọ̀ òyìnbó lọ, òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.]

ABIBATOU: Ìyá? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Marsẹ́yì nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ń lọ, òtútù pọ̀ níbẹ̀. Ó ku ọkọ̀ kékeré kan tó máa gbé wọn la ìgbì kọjá.

SAFOURATOU: Pẹ̀lú àyà yẹn? Àyà tí ọyẹ́ lásán fẹ́ pa léṣìí?

ABIBATOU: Ìdí nìyẹn tí mo fi ń—

SAFOURATOU: Sọ fún un kó máa bọ̀ nílé!

ABIBATOU: Mo ti sọ, ó ti sú mi! Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé wọn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀.

SAFOURATOU: Kí n bá ta sọ̀rọ̀? Mo ti búra.

[Ohùn ọkùnrin kan ń kán wọn lójú lókèèrè: "Vite! Vite!"]

ABIBATOU: Wọ́n ti ń pè wọ́n! Ìborùn ò tíì yí ọrùn rẹ̀ ká. Kí n gé òwú ni? Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Safouratou gbọ́. Ẹkún ń bọ̀, inú sì ń bí i sí ẹkún náà.]

SAFOURATOU: Má gé e.

ABIBATOU: Ẹ ní?

SAFOURATOU: Má gé òwú! Kó gbogbo rẹ̀ fún un, òwú, abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀. Kó máa hun ún nínú ọkọ̀.

ABIBATOU: Mouftaou? Kò mọ̀ ọ́n—

SAFOURATOU: Ìwọ, ṣé o mọ̀ ọ́n ni? Gbé ohun ìgbọ́rọ̀ yẹn fún un!

[Gìrìgìrì ẹsẹ̀. Ikọ́.]

MOUFTAOU: Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀ o.

[Safouratou tẹ ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí gbágbá.]

MOUFTAOU: Ìyá, mo ṣì wà nílẹ̀. Iyanrìn ti wọ̀ mí lẹ́nu.

SAFOURATOU: Dìde! Ṣé o fẹ́ kí òtútù ilẹ̀ wọ̀ ọ́ láyà ni?

MOUFTAOU: Ẹ má bínú—

SAFOURATOU: Mò ń bínú! Mú abẹ́rẹ́. Ti ẹnu rẹ̀ bọ ojú àkọ́kọ́, fi kọ́ òwú, fà á jáde. Ṣé o gbọ́ mi?

MOUFTAOU: Ó jáde! Ó di méjì lórí abẹ́rẹ́.

SAFOURATOU: Tún òwú kọ́, fà á gba inú méjèèjì.

MOUFTAOU: Ó ku ẹyọ kan.

SAFOURATOU: Káre. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ dé etí, má fo èyí tó gbẹ̀yìn. Ibi tó fẹ̀, kó máa bo àyà rẹ.

MOUFTAOU: Wọ́n ń fà mí lápá, Ìyá! Tó bá gùn tó, báwo ni wọ́n ṣe ń parí rẹ̀?

SAFOURATOU: N ò ní sọ.

MOUFTAOU: Ìyá!

SAFOURATOU: Má parí rẹ̀! Èmi ni n ó parí rẹ̀. Gbé e wá bá mi nílé, ṣé o gbọ́—

[Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Wáyà dákẹ́.]

SAFOURATOU: Mouftaou? Ṣé o gbọ́ mi?