Ihò Kékeré Tó Wà Lára Wíńdò Mi

Oṣù kẹjọ rèé tí mi ò tíì jókòó ti maṣíìnì mi. Mo ti fi aṣọ bò ó. Àwọn oníbàárà mi ti kó aṣọ wọn lọ fún àwọn télọ̀ mìíràn, àwọn tí kò sì mọ ohun tó ń ṣe mí ń sọ pé ojú ló ń dùn mí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ òótọ́ fún? Ṣé ọkọ mi ni àbí pásítọ̀ wa? Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, tí ẹ kò mọ ojúlé mi, ẹ̀yin ni ẹnu mi lè gbà á sọ fún. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó ṣépè fún mi.

Ìlú Ifo ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nígbà náà tí wọ́n ti ń yá àwọn èèyàn ní fíìmù, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sì wà ní yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti máa ń wo èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí fíìmù náà bá jẹ́ èyí tí kò yẹ kọ́mọdé wò, wọ́n á lé gbogbo wa jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí lọ́jọ́ tí mo fojú lé ihò kọ́kọ́rọ́. Obìnrin òyìnbó kan ni mo rí, tó ń gbé lókè ilé gíga. Á pa iná yàrá rẹ̀, á dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì nínú aṣọ sílíìkì, á máa wo tọkọtaya kan tó ń gbé ní òdìkejì títì. Ẹ ò rí ayé mi lóde! Èmi tí mo ń yọjú, ẹni tó ń yọjú ni mò ń wò. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ló ká mi mọ́bẹ̀, wọ́n sì nà mí débi pé mi ò lè jókòó dáadáa fún ọjọ́ méjì. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ tán, mo lọ́kọ, a sì kó wá sí Ibafo, sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò tó wà lẹ́yìn títì márosẹ̀. Bàbá Tómi, ọkọ mi, tírélà ló ń wa lọ sókè Ọya. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wálé lóṣù. Kì í nà mí, kì í febi pa mí. Ṣùgbọ́n bó bá dé, á jẹun, á bi mí pé ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa níléèwé, á sùn bí òkú, nígbà tó bá sì jí, ọ̀nà ni ọkàn rẹ̀ á tún wà. Mo lè lo oṣù mẹ́ta kí ọwọ́ rẹ̀ má kàn mí, àfi tí mo bá ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí irú rẹ̀ ń ṣe, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Kò ṣeé fẹjọ́ sùn. Kí lèèyàn fẹ́ wí? Pé ọkọ mi ń tọ́jú mi ṣùgbọ́n kì í wojú mi?

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó ra sídì fíìmù bíi mẹ́wàá bọ̀ láti Èkó. Ó ní, "Máa fi wọ́n tura, kílé má baà sú ẹ." Mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé orí èyí tí páálí rẹ̀ ń dán gbinrin, tí wọ́n ya obìnrin kan tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì sí iwájú rẹ̀. Àyà mi já. Fíìmù Ifo ni! Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n tún gbé e jáde lákọ̀tun, gbogbo àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere ju bí mo ṣe rí i láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Bàbá Tómi bá mi jókòó láti wò ó, kò pẹ́ tó fi ń hanrun. Èmi wò ó tán. Lọ́sẹ̀ yẹn, bí àwọn ọmọ bá ti lọ síléèwé, màá tún ti ilẹ̀kùn, màá tún wò ó. Nínú fíìmù yẹn, nǹkan ọ̀ṣọ́ ni yíyọjú. Iná rẹ̀ rọra ń tàn, orin rẹ̀ rọra ń lọ, obìnrin náà sì lẹ́wà. Lópin gbogbo rẹ̀, ó rí i tí wọ́n fẹ́ pa ìyàwó ilé òdìkejì, ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là, gbogbo ayé sì ń yìn ín. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń wá lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Ọdún yẹn náà ni tọkọtaya kan kó wá sílé kékeré tó wà lẹ́yìn tiwa. Káyọ̀dé lorúkọ ọkọ, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, Mowe ló sì ti máa ń wọkọ̀ ní ìdájí. Àdùkẹ́ ni ìyàwó, kéèkì ló ń yan nílé. Wíńdò yàrá tí mo ti ń ránṣọ dojú kọ wíńdò yàrá wọn gan-an, mo sì ti fi páálí dí i pa láti ọjọ́ pípẹ́ kí oòrùn má baà ṣá aṣọ àwọn oníbàárà. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé wíńdò yẹn ò ṣeé wòta. Ìyẹn ló fọkàn tọkọtaya náà balẹ̀ tí wọ́n fi máa ń ká kọ́tìnnì wọn sókè nígbà tí ooru bá mú. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo gbọ́ ẹ̀rín Àdùkẹ́. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé ihò kan sára páálí náà, kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ.

Kí ni mo rí? Mo rí ọkùnrin tó ń bá ìyàwó rẹ̀ tú irun, tó ń jó níwájú rẹ̀ láìsí orin kó lè rẹ́rìn-ín. Mo tún rí ohun tí kò tọ́ sí ojú ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí tàwọn méjèèjì. Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò gbójú kúrò. Ara mi á gbóná, ọkàn mi á máa lù kì kì kì, lẹ́yìn náà ni omijé á bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi. Mo gbé àpótí ìjókòó kan síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi á kan ilẹ̀kùn, màá ní mò ń gé aṣọ lọ́wọ́. Mo lọ sí ìpàdé àdúrà ní ìhà Àṣèsẹ̀, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé mo ti jáwọ́, Sátidé tó tẹ̀ lé e ló bá mi lórí àpótí yẹn.

Èyí tó burú jù ni pé Àdùkẹ́ fẹ́ràn mi. Oníbàárà mi ni. Á kúnlẹ̀ kí mi, "Mọ́mì Tómi, ẹ kú iṣẹ́ o," á gbé kéèkì tó jóná létí wá fáwọn ọmọ. Nígbà tó lóyún, ọ̀dọ̀ mi ló gbé aṣọ aboyún rẹ̀ wá. Mò ń wọn ikùn rẹ̀, ojú ń tì mí torí pé kò síbi tí mi ò tíì rí lára rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi yín ṣe ẹ̀gbọ́n. Mi ò lẹ́nì kankan níbí."

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù. Oyún Àdùkẹ́ ti wọ oṣù kẹjọ, Káyọ̀dé sì wà níbi iṣẹ́. Mo jókòó sídìí ihò náà. Mo rí Àdùkẹ́ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tó fọwọ́ mú orí, tó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo fò dìde, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ariwo ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi kí èrò kan tó sọ sí mi lọ́kàn: wọ́n á bi ẹ́ pé báwo lo ṣe rí i. Mo gbé e mì.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo padà wọlé. Mo mú aṣọ aboyún rẹ̀ tí mi ò tíì ṣẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀, kí n lè ní ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe nílé rẹ̀. Mo wá náílọ̀n tí màá fi dì í. Mi ò rí náílọ̀n. Mo tú inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo wo abẹ́ tábìlì, mò ń wá náílọ̀n nígbà tí èèyàn ń kú lọ lábẹ́ wíńdò mi! Nígbà tí mo rí i, mo sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sáré, torí bí mo bá sáré wọ́n á bi mí pé kí ló ń lé mi. Bàbá onílé wa jókòó síta, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n béèrè ọkọ mi, mo dá wọn lóhùn pé ó wà lọ́nà. Mo yí àdúgbò po dé géètì wọn, mo kàn án jẹ́jẹ́ bí àlejò. Ó ti í látinú. Mo tún kàn án. Mo dúró. Obìnrin tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni mo wá sọ fún pé ó jọ pé Àdùkẹ́ ò sí nílé.

Ó ní, "Ta ló sọ fún yín? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i láàárọ̀ yìí. Ó ní orí ń fọ́ òun."

Ìgbà yẹn ni mo tó ní ẹnu láti pariwo. Àwọn mẹkáníìkì sáré wá, wọ́n fọ géètì, a gbé e. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, ó ti tó wákàtí kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni wọ́n pè é. Ọmọ ti kú sínú. Àdùkẹ́ kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, lójú ọkọ rẹ̀. Dókítà wò wá, ó ní, "Ká ní ẹ tètè gbé e dé ni." Kò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà. Ó ní èmi ni mo rí ìyàwó òun he, pé bí kì í bá ṣe èmi ni, inú ilé níbẹ̀ ni ì bá dá kú sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, màmá Káyọ̀dé tó wá láti Ifo dì mọ́ mi, àgbà obìnrin yẹn sì kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo èèyàn. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi.

Káyọ̀dé kó kúrò ní Ibafo, ó padà sọ́dọ̀ màmá rẹ̀. Mo fara dà á fún oṣù márùn-ún. Lóṣù kẹfà, mo wọkọ̀ lọ sí Ifo. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, ó ń ṣá igi. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, látorí ihò títí dórí náílọ̀n. Kò lù mí. Ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ lọ sókè. Ó béèrè nǹkan kan péré.

"Ṣé ó ń pè mí?"

Mo ní ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohùn.

Ó fi àáké sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò wò mí. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí màámi gbọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin nìkan ni ohun rere tí wọ́n rí dì mú. Bí wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ máa dá wọn lóhùn." Ìyá náà sì yọ lóòótọ́, wọ́n gbé omi tútù wá fún mi, wọ́n ń pè mí lọ́mọ. Mo mu omi náà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń pè mí lórí fóònù. Wọ́n á ṣàdúrà fún mi, fún àwọn ọmọ mi, wọ́n á ní bí mo ṣe sáré sí ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni ayé á máa sáré sí tèmi. Èmi á sì máa ṣe àmín. Bàbá Tómi ò mọ nǹkan kan. Ṣé kí n sọ fún un? Ṣé kí n má gbé fóònù ìyá yẹn mọ́, àbí ìyẹn gan-an ni ìyà tó tọ́ sí mi? Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fojú wá ohun tí kì í ṣe tiyín káàkiri, bóyá láti inú ihò ni o, bóyá lórí fóònù yín ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Bí ẹ kò bá lè jáwọ́, tí ẹ sì rí ẹni tó ń ṣubú, ẹ pariwo. Kí wọ́n bi yín. Kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín ní gbogbo àdúgbò. Kí ọkọ lé yín jáde pàápàá. Ẹ ṣáà pariwo lójú ẹsẹ̀, nítorí ìtìjú á tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ò ní jí mọ́.