Èmi Ni Mo Pa Ìyá Àwọn Ọmọ Ajá Tí Ìyá Ọkọ Mi Fọwọ́ Tọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Títí di oṣù tó kọjá, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọkọ mi tàbí ìyá tó bí mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹnìkan ló ń ru ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi. Ara ẹni náà ò yá mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n lè rù ú dé sàréè.

Aránṣọ ni mí. Ẹ̀bá Erunmu la ń gbé, nílé ìyá ọkọ mi. Bíríkìlà ni Àkànní, ọkọ mi, ó máa ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó sì di òpin ọ̀sẹ̀ kó tó dé. Èmi àti Màmá, ìyá ọkọ mi, la jọ máa ń wà nílé. Ọdẹ ni bàbá ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n kú, ajá kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Màmá. Sùúrù ni wọ́n sọ ọ́. Abo ni, ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan ti ya. Màmá kì í jẹun tán láìfún un.

Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò tíì ju ọdún kan lọ nílé ọkọ nígbà náà, oyún ò sì tíì dé. Mo ra adìyẹ mẹ́fà kí n lè ní nǹkan tí màá máa pè ní tèmi. Ni Sùúrù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin wọn. Mo pariwo, Màmá ní kí n kan ilé adìyẹ náà dáadáa. Mi ò kàn án. Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra òwú ní Adégbayì. Nígbà tí mo dé, ìyẹ́ ni mo bá nílẹ̀. Àgbébọ̀ mi tó dára jù ni ajá yẹn ti pa jẹ.

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Oògùn eku wà nínú yàrá mi, torí àwọn eku tó ń jẹ aṣọ oníbàárà. Mo fi í sínú orí ẹja. Màmá ti lọ sóko. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo jù ú fún Sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí àwíjàre pé bóyá mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀. Ajá náà jùrù sí mi kó tó jẹ ẹ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó ti bímọ. A mọ̀ pé ó lóyún, àmọ́ láti bí ọjọ́ mẹ́ta la ò ti rí i nílé dáadáa. Á sáré wá jẹun, á tún sáré lọ. A rò pé ó ń wá ibi tó máa bímọ sí ni. Ọmọ ló ń fún lọ́mú. Ebi abiyamọ ló mú un pa adìyẹ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni Màmá bá òkú rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ìfófò bò ó lẹ́nu. Mo rò pé wọ́n máa figbe ta. Wọn ò figbe ta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n wá fìka tẹ ọmú rẹ̀. Omi ọmú sun jáde.

"Ìyàwó," ni Màmá wí, "abiyamọ lajá yìí o. Àwọn ọmọ rẹ̀ dà?"

A wá wọn títí, kí a tó gbọ́ ohùn tín-ín-tín nínú ilé ìdáná àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ ti wó. Ẹ̀yìn igi ìdáná ni wọ́n wà. Méje ni wọ́n. Ojú wọn ò tíì là, etí wọn lẹ̀ mọ́ orí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tóbi ju ẹmọ́ lọ. Wọ́n ń fimú wá ìyá wọn káàkiri. Màmá tú gèlè orí wọn, wọ́n fi kó gbogbo wọn wọlé.

Àwọn ará àdúgbò ní kí wọ́n lọ dà wọ́n sígbó, pé ọmọ ajá tí ojú rẹ̀ ò tíì là ò lè yè láìsí ìyá. Màmá ní, "Bí ẹ bá ti wí tán, ẹ kúrò lójú ọ̀nà fún mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́wọ́ obìnrin yẹn, torí ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, wọn ò sì kàwé. Wọ́n wá páálí, wọ́n tẹ́ ògbólógbòó aṣọ sí i. Wọ́n rọ omi gbígbóná sínú ike, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sáàárín àwọn ọmọ náà. Mo ti po mílíìkì, mo fẹ́ máa fún wọn. Màmá ní kí n dúró.

"Òtútù ló ń kọ́kọ́ pa ọmọ ajá," ni wọ́n wí. "Èyí tí ara rẹ̀ bá tutù, tó o bá fún un lóúnjẹ, ò ń pa á ni. Jẹ́ kí ara wọn móoru ná."

Wọ́n ní kí n lọ ra sìrínjì wá lọ́dọ̀ olóògùn, kí n yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù. Wọ́n fi pupa ẹyin po mílíìkì inú agolo. Ẹyin adìyẹ mi ni o. Ńṣe ni wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì dúpẹ́.

Mo gbé ọ̀kan sí apá bí ọmọ èèyàn, mo fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́. "Dojú ẹ̀ bolẹ̀, bó ṣe máa ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Bó o ṣe gbé e yẹn, oúnjẹ lè gba ọ̀nà ibòmíì lọ." Bí àwọn ọmọ náà bá jẹun tán, Màmá á ti aṣọ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á máa fi nu ìdí wọn títí wọ́n á fi tọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ọmọ ajá jòjòló ò lè dá tọ̀ fúnra rẹ̀, pé ahọ́n ìyá rẹ̀ ló máa ń bá a ṣe é.

"Ìyá wọn ò sí," ni Màmá wí, "a ò sì ní ahọ́n rẹ̀. Aṣọ la ní."

Mo kọjú sí ògiri.

Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà. Ọ̀kan kì í ké lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dìde. Síbẹ̀, èyí tó kéré jù kú lọ́jọ́ kejì. Màmá sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sùúrù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù ló kù yìí. Aládùúgbò wa kan wà, Alfa Ràímì. Ọgbà kan ló pààlà sáàárín wa. Ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ mi tímọ́tímọ́ ni wọ́n, láti ìgbà èwe. Àmọ́ Sùúrù máa ń tẹ ẹní ìkírun wọn mọ́lẹ̀, ó tilẹ̀ ti ẹnu bọ omi àlùwàlá wọn rí. Lọ́jọ́ yẹn, Alfa fi ìbínú sọ pé, "Ajá yìí á rí ohun tó ń wá!" Gbogbo wa la gbọ́. Nígbà tí Sùúrù kú, kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì pé Alfa ló fún un ní májèlé. Màmá lọ dúró létí ọgbà.

"Alfa, ẹ ti ṣe é tán. Èmi àti yín, ó parí."

Alfa wò wọ́n, wọ́n wá wo èmi tí mo dúró lẹ́yìn Màmá. Wọ́n ní, "Mi ò ṣe é, Ìyá Àkànní. Ọlọ́run gbọ́." Wọ́n wọlé lọ. Èmi dákẹ́.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, mílíìkì agolo náà bẹ̀rẹ̀ sí í da inú àwọn ọmọ ajá náà rú, wọ́n ń ṣu omi. Ewúrẹ́ Alfa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá ike kékeré kan lórí ọgbà, mílíìkì ewúrẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Màmá dà á síyẹ̀pẹ̀. "Ẹni tó pa ìyá ló tún fẹ́ pa ọmọ." Ní ọjọ́ kejì, ike náà tún wà níbẹ̀, Màmá tún dà á nù. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ọmọ ajá mìíràn ò la ẹnu mọ́. Ó kú lọ́wọ́ mi.

Mo mọ̀ pé kò sí májèlé nínú mílíìkì yẹn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá là á sọ, Màmá ò ní dà á nù.

Mi ò la ẹnu. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, mo jí ṣáájú Màmá, mo gbé ike náà, mo se mílíìkì rẹ̀. Mo ní obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà lọ sí Ìyànà Ọ̀fà ló fún mi. Irọ́ lórí irọ́. Inú àwọn ọmọ náà dúró. Ojoojúmọ́ ni ike náà ń wà lórí ọgbà fún bí oṣù kan, ojoojúmọ́ ni mo ń fọ̀ ọ́ tí mo ń dá a padà síbẹ̀. Èmi àti Alfa ò pàdé níbẹ̀ rí. Mo rò pé wọn ò mọ ẹni tó ń gbé e.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì, mò ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí Màmá ń pariwo. "Ìyàwó, wá o! Ó rí mi! Ó ń wò mí!" Ojú ọ̀kan ti là, bíi kóró ata ni ó ṣe ń dán. Màmá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi bú sẹ́kún, wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Márùn-ún ló yè. Màmá fi ògì àti ẹja lílọ̀ já wọn lẹ́nu ọmú. Nígbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀, ọkùnrin kan wá láti ra ọ̀kan, pé òun fẹ́ fi bọ Ògún. Màmá fúnra wọn ń bọ Ògún, torí ilé ọdẹ ni wá. Wọ́n ní, "Ògún mọ̀ mí, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ yìí ni mo fi nu ìdí wọn. Wá ajá mìíràn lọ." Àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n mọ ìwà wọn ni wọ́n fún ní mẹ́rin, wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé.

Lójú gbogbo ẹbí, Màmá dì mọ́ mi. "Ìyàwó mi yìí ló bá mi wò wọ́n. Ẹni tó lè tọ́ ọmọ ajá aláìníyàá, á tọ́ ọmọ èèyàn." Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo bí àkọ́bí mi. Màmá ló wẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fomi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pa á lára, mo fẹ́ sọ ọ́. Ó dé ẹnu mi, mo gbé e mì.

Láti ìgbà yẹn, Màmá ò kí Alfa mọ́. Bí Alfa bá fi ẹran Iléyá ránṣẹ́, wọ́n á dá a padà. Nígbà tí ìyàwó Alfa kú, gbogbo àdúgbò lọ bá wọn kẹ́dùn. Màmá jókòó sílé. Wọ́n jẹ́ onínúure sí gbogbo ayé, àfi sí ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo fà á.

Lóṣù tó kọjá, àìsàn dá Alfa dùbúlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá pé kí àwọn jọ forí ji ara àwọn. Màmá kọ̀. Ni mo bá gbé ẹ̀kọ gbígbóná, mo lọ bá Alfa. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Tẹ̀sùbáà ò dúró lọ́wọ́ wọn títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀, ìyàwó," ni Alfa wí. "Mò ń ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ náà. Mo rí ẹ nígbà tó o ju orí ẹja yẹn."

Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ọmọ ò sí lọ́wọ́ ẹ. Bí mo bá wí, wọ́n á lé ẹ lọ, èmi á sì máa rí i pé mo tú ilé ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Mo wá ń rí ẹ láàárọ̀ tó ò ń gbé mílíìkì. Mo ní, ọmọ yìí ti ń tún un ṣe. Mo ń retí ọjọ́ tó o máa sọ ọ́."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n mi orí. "Ẹnu tìẹ ló yẹ kó ti jáde. Èmi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ Ìyá Àkànní ju pé kó jẹ́ mi lóhùn bí mo bá kí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti bá èèyàn méjì gbé tí ìwà wọn ju tèmi lọ, mo sì ti jẹ́ kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn fún ọdún mẹ́jọ. Màmá wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin báyìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń bọ̀. Màá sọ ọ́, mo ti pinnu. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà tí màá gbà ni mò ń bèèrè. Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Àbí kí n dá kúnlẹ̀ níwájú Màmá? Ọ̀rọ̀ wo lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan báyìí?

Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, màá kó ẹrù mi. Mi ò ní jiyàn. Ẹ sáà bá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tó bínú sí mi, kí wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Alfa, kí wọ́n kí wọn.