Àfòmọ́ Kòmándà

Fátókun, pa ilẹ̀kùn dé, kí o wá jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má sunkún mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí ohùn mi tó lọ. Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nínú mi tí mo ti ń gbé pamọ́ láti ìgbà tí Fátókun ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́ níbí, àwọn tó ń dúró dè mí lọ́run yóò fi ipá gbà á lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ má sọ fún mi pé àgbà kì í bẹ̀rù ikú. Kì í ṣe ikú ló ń bà mí lẹ́rù, àwọn tí mo fẹ́ lọ bá ni.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mo bá kòmándà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ mi, kí wọ́n tó kó àwọn ọmọkùnrin wa lọ jagun nílùú òyìnbó. Èmi ni mò ń tọ́jú ọgbà rẹ̀ ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ níbí. Ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ràn jù láyé ni òdòdó kan tí kì í hù nílẹ̀. Ara igi ló ń gbé, gbòǹgbò rẹ̀ á sì rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ọkidé ló ń pè é. Àwa ń pè é ní àfòmọ́ kòmándà, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín, torí irú àfòmọ́ wo ni igbó wa kò ní? Á kọ̀wé sí àwọn tó ń tà á lókè òkun, wọn á dì í sínú àpótí, ọkọ̀ ojú omi á gbé e gúnlẹ̀, ọkọ̀ ojú irin á gbé e láti Àjàṣẹ́ dé Ìtakété, orí èèyàn ni yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Kó tó dé, òmíràn á ti ṣẹ́, òmíràn á ti máa rà. Kòmándà fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí a ti ń tọ́jú wọn. "Abọ́dúndé," á ní, "ibi tó bá ti rà, fi ọ̀bẹ gé e kúrò, kí o fi èédú lílọ̀ pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Gbé e síbi òjìji. Má fi omi kàn án títí yóò fi yọ gbòǹgbò tuntun. Omi ló ń pa èyí tó bá ti fara gbọgbẹ́." Ó ní sùúrù fún òdòdó, kò ní fún èèyàn. Ọkùnrin kan fọ́ ìkòkò òdòdó rẹ̀ kan rí. Àwọn gádì, ọlọ́pàá rẹ̀, nà án títí a fi gbé e délé lórí pákó.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kòmándà lọ rìn ká àwọn abúlé ìhà Ìkpìnlẹ̀ nígbà tí àpótí dé. Málọmọ́ ló rù ú láti Ìtakété. Fátókun, bàbá rẹ ni. Ọ̀rẹ́ mi ni, agbo ilé kan la ti dàgbà. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun sùn, ó nu òógùn, ó ní, "Abọ́dúndé, fọwọ́ kàn án o. Ó gbẹ. Mo fi aṣọ ara mi bò ó nígbà tí òjò ṣú." Mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ lóòótọ́. Mo ṣí i. Àwọn kan ti kú lójú ọ̀nà, ewé ọ̀pọ̀ ti ya, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ṣì wà nínú wọn. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni. Ká ní mo ṣe é! Àmọ́ obìnrin kan wà ní Oko-Àkàrẹ̀ tí mò ń fẹ́, ara ọ̀dọ́ kò sì jẹ́ kí n jókòó. Mo tẹ́ àwọn òdòdó náà síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn, mo ní mà á tètè dé. N kò tètè dé, ọjọ́ mélòó kan ni mo lò lọ́hùn-ún. Òjò ńlá rọ̀ lé wọn lórí, oòrùn tún wá pa wọ́n lé e. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti rà bí ilá tí a sè jù, òórùn wọn sì gba gbogbo ọgbà.

Ó dà bíi pé mo ti ń gbọ́ ìró ẹgba. Ẹ gbọ́ ohun tí ìbẹ̀rù fi mí ṣe: mo kó wọn padà sínú àpótí, mo gbé e lọ sí odò, mo rì í, mo fi ẹrẹ̀ ra á lára, mo sì fi òkúta fọ́ igun rẹ̀ kan. Bí kòmándà ti dé, mo dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀gá, báyìí ni Málọmọ́ ṣe gbé e dé. Ó já bọ́ lórí rẹ̀ sínú odò." Ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n fa Málọmọ́ wá. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Abọ́dúndé, ṣebí ìwọ lo fọwọ́ kàn án? Wí fún wọn." Mo wolẹ̀. Mo ní omi ń ro lára àpótí náà nígbà tí mo gbà á. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó bá ejò lórí ẹní tó fẹ́ sùn sí. Wọ́n nà án, wọ́n sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ipá la ọ̀nà, níbi tí ọ̀pọ̀ kì í ti í bọ̀.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́ tipẹ́. Málọmọ́ sá kúrò níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìkùukùu kò tíì ká, ó yọ sí mi ní ahéré mi lọ́nà Kpúlù. Okùn ti bó ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó wá pa mí ni. Ó ní, "Mi ò wá jà. Ẹ̀rù ló bà ọ́, mo mọ̀. Ebi ń pa mí. Fún mi ní nǹkan jẹ kí n rọ́nà sá lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lódìkejì ààlà. Bá mi máa bojú wo ìyá mi, àti ọmọ náà." Ẹni tí mo bà jẹ́ ló ń fọkàn tán mi! Mo gbé iṣu sísun fún un. Bó ti ń jẹ ẹ́ ni mò ń rò ó pé, bí ọkùnrin yìí bá yè, ọjọ́ kan ni yóò padà wá sọ ọ́, èmi ni wọn yóò sì mú. Mo ní kó dúró kí n lọ pọn omi wá fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn gádì ni mo lọ.

Ó rí wa lókèèrè, ó sì sáré wọ inú àbàtà. Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ dúdú wa ti ń gba èèyàn lẹ́sẹ̀ mú nígbà òjò. Ìbọn dún. Orúkọ mi ló ń pè nígbà tó ṣubú, kì í ṣe bí ẹni ń gégùn-ún, bí ẹni ń ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wá fà á dìde. N kò lọ títí ohùn náà fi dákẹ́. Àwọn gádì ní kí n bò ó mọ́lẹ̀, kí n sì panu mọ́, kí ìlú má baà dìde. Ọkọ́ mi ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún, lábẹ́ igi ìyeyè tó wà létí odò, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Kpúlù.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Ẹfúnwùmí, ìyá Málọmọ́, wá bá mi. "Abọ́dúndé ọmọ mi, wọ́n ní ó ti sá. Ṣé o gbúròó rẹ̀?" N kò lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ òótọ́. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Ó ti wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí n kí yín." Obìnrin náà jó. Lójú mi níbẹ̀ ló ti jó. Láti ọjọ́ náà, kò sígbà tí mo ti ọjà òdìkejì dé tí kì í bèèrè, mo sì gbọ́dọ̀ ní nǹkan sọ. Mo ní ó ń dáko ní ìhà Ìlaró. Mo ní ó ti sanra. Ó hun aṣọ, ó ní kí n gbé e fún un. Mo gbà á, mo sọ ọ́ sódò. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe òkú ọmọ rẹ̀, nítorí èmi ni mo ní ó wà láàyè. Ìyá rẹ, Fátókun, kò fẹ́ ọkọ mìíràn, ó ń retí bàbá rẹ. Ìwọ náà ń dàgbà lọ́wọ́ mi, ò ń bi mí pé, "Bàbá, kí ni mo ṣe fún bàbá mi tí kò fi fẹ́ rí mi?" Ó dé ìgbà kan, o ò bèèrè mọ́. Mo rí i pé o ti kórìíra rẹ̀, ara sì tù mí. Ọlọ́run gbọ́, ara tù mí!

Nígbà tí Ẹfúnwùmí ń kú lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bá mi sọ fún un pé n kò bínú pé kò wá." Láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀run ló ti mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló lọ bá níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo ti dùbúlẹ̀ yìí, ìyá náà ń wá jókòó síbi ẹsẹ̀ mi nírọ̀lẹ́. Mo ń bẹ̀ ẹ́ kó bú mi, kò bú mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹgba ni mo sá fún. Ká ní mo gbà á ni, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ìbá ti jinná kí iṣu ọdún náà tó ta. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ pé òdòdó lásán ló kú.

Fátókun, n kò ní kí o dárí jì mí nísinsìnyí. Má dá mi lóhùn. Gbé ọkọ́, gba ọ̀nà Kpúlù lọ, gbé egungun bàbá rẹ wálé, kí o sì ṣe òkú rẹ̀ bí ọmọ ti ń ṣe òkú bàbá. Kí ẹ tó sin mí, ẹ kọ́kọ́ sin ín. Bí o bá sì ti dé ìdí igi náà, bá a sọ̀rọ̀ kí o tó la ilẹ̀. Sọ fún un pé o ti mọ̀ báyìí pé kò fi ọ́ sílẹ̀ rí.