Abẹ Tí Tíṣà Fi Fá Orúkọ Mi

Àrìnkẹ́, má bu omi fún mi, n ò mu! N ò mu omi nílé ọkọ rẹ lónìí, àfi bó bá kọ́kọ́ sọ ohun tí orúkọ mi fi ṣe é. Ṣé èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ni? Ṣé ọwọ́ mi yìí kọ́ ni mo fi fà ọ́ lé e lọ́wọ́? Òun ló wá mú abẹ, abẹ tó fi ń fá irùngbọ̀n, ó fi fá orúkọ mi kúrò lára iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe! Sùrájù ọmọ Àbúdù, ará Ìkòsì, ó fá a dànù! O ń rẹ́rìn-ín? Má rẹ́rìn-ín o.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé irọ́ ló pa fún ọ. Místà Léfì, òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú, ṣebí Yahúdì ni? Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé orin kan, orin tí wọ́n fi ń kí ọjọ́ ìsinmi wọn káàbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó ní nítorí bàbá òun tó ti kú ni. Kò rí Yahúdì kankan tí yóò kọ orin náà fún un. Níbo ni yóò ti rí wọn ní Kétu? Ó bá gbé e fún tíṣà ọkọ rẹ, pé kí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ ọ́ sí òun létí kí òun tó padà sílùú òyìnbó. Ìwé kan ṣoṣo, akọrin rẹpẹtẹ! Ta ni ọkọ rẹ gun kẹ̀kẹ́ nínú iyanrìn wá bá? Èmi náà ni! Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi Àáfà, kò sẹ́ni tó mọ ìwé kọ bíi tiyín ní gbogbo agbègbè yìí.”

Fetí sílẹ̀ níbí o. Ó ní, “Ìwé Yahúdì ni, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi ti Kùránì yín.” Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Mo bá ṣí i láti ọ̀tún, ojú ìwé tí mo kọ́kọ́ rí, mo kọ nọ́ńbà kìíní sí i. Ìlà márùn-ún márùn-ún, kóró dúdú dúdú, lẹ́tà Yahúdì, ABD tó kọ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹnu wa lè pè é, mo dà á kọ láìfo ẹyọ kan, ẹ̀dà mẹ́rin, oṣù kan gbáko. Nígbà tí mo parí, mo kọ orúkọ mi sí i bí gbogbo ẹni tó ń da ìwé kọ ṣe ń ṣe: ẹni tó dà á kọ nìyí, ẹ ṣàdúà fún un. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Ọkọ rẹ ní orúkọ ìmàle kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì! Orúkọ Yahúdì wọ̀ ọ́, tèmi ni kò wọ̀ ọ́? Wàláì, ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Mo mọ̀, mo mọ̀. Lẹ́tà nìkan ló ń ti ọ̀tún wá, orin ń ti òsì bọ̀, ẹ̀yìn ìwé, ojú ìwé tí Àmín nìkan wà, ni mo fi ṣe iwájú. Mo gbà. Ṣé èmi ni olórin ni? Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní pálọ̀ yín yìí, kí lò ń gbọ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀? Àmín! Àmín, Àmín, Àmín! Tíṣà tó mọ̀wé kò bi ara rẹ̀ pé irú àdúà wo ló ń ti Àmín bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì tọrọ nǹkan kan, wọ́n ti ń ṣe Àmín!

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tí wọ́n kọ ọ́, ìwọ wà nílé pẹ̀lú ọmọ, èmi dúró lójú fèrèsé iléèwé ọkọ rẹ tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Wọ́n ké Àmín àkọ́kọ́, òyìnbó gbójú sókè. Wọ́n ké ìkejì, ó dorí mú. Ọkọ rẹ wò mí lójú fèrèsé bíi pé mo jí ewúrẹ́ gbé. Àfi bí òyìnbó ṣe bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, nígbà tí ẹ̀rín sì dá, omijé kò dá. Ó ní bàbá òun gan-an nìyẹn, bí ebi bá ń pa á nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, á fo gbogbo àdúà bọ́ sórí Àmín. Ó ní láti ìgbà tí ogun Hítílà ti kó àwọn ará ilé òun lọ, òun ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá béèrè ẹni tó da ìwé náà kọ, kí òun lè máa rántí rẹ̀. Àrìnkẹ́, ọkọ rẹ tẹríba, ó ní, “Èmi ni, sà.”

Èmi ni, sà! Nígbà tó fẹ́ di ẹ̀bi, èmi ló ń wò. Nígbà tó di iyì, ó di tirẹ̀! Ó dùn mí. Má wò mí bẹ́ẹ̀, ó dùn mí dé egungun. N ò nílé ńlá, n ò ní mọ́tò, ọwọ́ ìkọ̀wé yìí nìkan ni mo ní.

Kí lo wí? Pé ó wà ní yàrá, ojú ń tì í? Ó yẹ kó tì í! Pé òyìnbó ń bọ̀ wá gba ojúlówó ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án yìí, ọkọ rẹ sì ti wá a tì? Ta ló ní ó sọnù? Ọwọ́ mi ló wà láti ìgbà tí mo ti ń dà á kọ. Gbà. Nu ọwọ́ rẹ ná, orúkọ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Ṣí i sí ìparí, ìparí ti òyìnbó o! O rí i? Yíǹkì tí mo fúnra mi sè nìyẹn, kì í ṣe ti ọjà tí mo fi kọ àwọn ẹ̀dà yẹn, ó máa ń wọnú ìwé ni, abẹ kan ò lè fá a. Kà á sókè kó gbọ́. O ò lè kà á? Mú un wá: “Sùrájù ọmọ Àbúdù, ará Ìkòsì, ló da ìwé yìí kọ. Kí Ọlọ́run kẹ́ bàbá ẹni tó ni orin náà. Èṣùbíyìí ọkọ Àrìnkẹ́ ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wọn ní orin náà láti ìdí wá sórí, kò sì fura.”

Ha! Ha-ha-ha! Tíṣà! Jáde wá! Mú abẹ rẹ dání!