Sùtánà Kọ́ Ni Aṣọ Inú Fọ́tò Náà

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Èmi Jímọ̀ alágbàfọ̀ ni mo dìde. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹnì kankan má fi ojú ọmọdé wò mí.

Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà. Mo dé ìlú òyìnbó yìí nínú oṣù Jánúárì pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Àwa méje la sùn sínú yàrá kan ní Gascoigne. Ọdún méjì gbáko, abẹ́ tábìlì ni ibùsùn mi. Mo tu ìyẹ́ adìyẹ títí èékánná mi fi bọ́. Mo fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ajá ò ní fẹ́ wọ̀. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ méjì ni mo ní ní Ripple Road, ọkọ̀ mẹ́ta ló ń kó aṣọ fún mi, orúkọ mi ló wà lára wọn gàdàgbà. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níwájú yẹn nínú aṣọ funfun, ẹ̀rù yín ò bà mí.

Gbádégẹṣin tá a torí ìsìnkú rẹ̀ pé jọ, télọ̀ ni. Sùtánà tó bá jókòó dáadáa lára yín lónìí, òun ló rán an. Èyí tí ejìká rẹ̀ ń ṣubú, ẹ bi Àpọ́sítélì Lazarus, olórí ìjọ yín.

Olórí kunkun ni Télọ̀. Tí ọrùn aṣọ kan ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú u palẹ̀ níṣojú ẹ, bó o tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé ó ti dáa. Kóòtù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú apá rẹ̀, ó sì ní ẹ̀bùn ni.

Bàbá rẹ̀ ja ogun Bọ́mà. Nínú ilé ìwòsàn kan táwọn sójà Japan sá fi sílẹ̀ nínú igbó, ó he agolo bísíkíìtì kan. Fọ́tò mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, sójà Japan ni gbogbo wọn. Nígbà tí bàbá ń kú lọ, ó ní, "Gbádé, èèyàn ni wọ́n o. Bá mi wá ẹni tó ni wọ́n."

Ogún ọdún ni Gbádégẹṣin fi wá wọn, nílé rẹ̀ ní Upney, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Awò tó fi ń wo ojú abẹ́rẹ́ ló fi ń wò wọ́n. Ìràwọ̀ kan lọ́rùn aṣọ, sójà tuntun. Ìràwọ̀ mẹ́ta, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Á ní, "Alágbàfọ̀, wo ojú rírán yìí. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀." Èmi á ní, "Télọ̀, ọbẹ̀ ń tutù."

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló ṣe àṣìṣe. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, ó ní kẹ́ ẹ gbàdúrà fún àwọn inú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́sàn-án dúró níwájú ilé pákó, aṣọ funfun gbọọrọ lọ́rùn wọn, àgbélébùú lápá aṣọ. Háà! Lazarus fò sókè.

"Halelúyà! Àwọn Aládùúrà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Japan nìyí!"

Gbádégẹṣin ní, "Bàbá, aláìsàn ni wọ́n. Àgbélébùú ilé ìwòsàn nìyẹn."

"Ìràwọ̀ orí fìlà wọn ńkọ́? Ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kọ́?"

"Ti ọmọ ogun ni, Bàbá."

"Wọn ò wọ bàtà!"

Ẹ̀yin èèyàn wa, fọ́tò gé wọn ní orúnkún!

Ọ̀kan nínú wọn, apá aṣọ rẹ̀ ti òsì ṣófo. Lazarus ní ẹ̀mí ló gbé e, ó fa ọwọ́ sínú aṣọ. Télọ̀ ní, "Bàbá, èmi ni mo rán tiyín. Sùtánà, orí la ń gbà wọ̀ ọ́. Èyí là níwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gorí ara wọn, okùn ni wọ́n fi dè é. Apá aṣọ tó bá sì rọ̀ báyìí, kò sí ìgúnpá nínú rẹ̀."

Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ bá télọ̀ jiyàn aṣọ! Ẹ̀yin tẹ́ ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́! Ẹ fi fírémù wúrà sí fọ́tò onífọ́tò, ẹ gbé e kọ́ sókè pẹpẹ, ẹ kọ "Àwọn Bàbá Wa ní Japan" sábẹ́ rẹ̀, ẹ ń tan àbẹ́là fún un. Ó ní kẹ́ ẹ dá a padà, ẹ ní ẹ̀mí àtakò ló ń dà á láàmú. Ẹ ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ gbé iṣẹ́ sùtánà fún ẹlòmíràn. Ẹ tì, ẹ tì pátápátá.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ọlọ́wọ́ kan yẹn wà nínú fọ́tò mìíràn nínú agolo, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan lé itan. Etí kan náà tó ya, àpá kan náà lágbọ̀n. Wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Ta ló wá ẹni tó kà á? Èmi tí mo ka kíláàsì mẹ́ta! Ọmọbìnrin ará Japan kan gbé aṣọ wá fún mi fọ̀, mo ní, "Ọmọ mi, bá mi wo ẹ̀yìn fọ́tò yìí." Ó ní Mórítà ni ọkùnrin náà ń jẹ́, abúlé rẹ̀ sì nìyí. Ó bá wa kọ lẹ́tà lọ síbẹ̀.

Ọmọ orí itan yẹn ṣì wà láyé! Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. A fi fọ́tò tiẹ̀ ránṣẹ́ sí i. A sọ fún un pé ọ̀kan ṣì kù. Ó dá èsì padà pé, "Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti jáde nílé, mi ò rí i mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan èyí tó yà kẹ́yìn, kí ojú mi tó fọ́ tán."

Gbádégẹṣin mú lẹ́tà yẹn tọ̀ yín lọ. Ẹ ní fọ́tò ti di mímọ́, kò lè jáde. Ẹ ní ká fi fóònù yà á fún un. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan bàbá rẹ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkàn Télọ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ìbíwùmí ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún yìí ló bá a níbẹ̀, lẹ́tà náà lábẹ́ aṣọ tó ń rán.

Télọ̀, máa lọ. Kí ọ̀nà tẹ́jú fún ẹ bí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Tó o bá rí ọlọ́wọ́ kan níbẹ̀, kí i dáadáa. Ìwọ lo dá a mọ̀ nígbà tí àwọn wọ̀nyí sọ ọ́ di ẹni ẹlẹ́ni. Sọ fún bàbá ẹ pé o jíṣẹ́, o rí ẹbí ọ̀kan nínú wọn, ó ku díẹ̀ péré kó délé.

Díẹ̀ yẹn, tèmi ni. Àpọ́sítélì, ẹ má wo ilẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ wò. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mò ń bọ̀. N ó bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, torí Télọ̀ á fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkàbà ti ara mi ni n ó gbé wá síwájú pẹpẹ. Ìbíwùmí ni yóò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ lè máa kọrin nígbà tí mo bá ń gùn ún. Ní Mọ́ńdè, kí ṣọ́ọ̀bù mi tó ṣí, Mórítà á ti wà lọ́nà ilé.