Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Ti Orogún

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira, awakọ̀ kan já wa sílẹ̀ sínú oòrùn ní ọjà ìlú Paouignan láìṣàlàyé. Mo ń to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jọ lọ́kàn nígbà tí mo gbọ́ ìyá arúgbó kan tó ń fẹjọ́ sun onígaàrì kan.

“Iná ìgbẹ́ jó ilé mi ní Gbaffo. Kí n tó ti ọ̀dọ̀ ọmọ mi dé, ará abúlé ti kọ́ òmíràn.”

“Ẹ kú oríire, ìyá!”

“Oríire kẹ̀? Wọ́n kọ ojú ilẹ̀kùn mi sí ti orogún mi, tá a ti ń yan ara wa lódì tipẹ́!”

“Ta ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Òun náà ni! Òun ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀. Iná ò bi mí kó tó jó, àwọn náà ò bi mí kí wọ́n tó kọ́lé!”

Onígaàrì rẹ́rìn-ín títí. “Ṣé kí n wọn díẹ̀ fún yín?”

“Díẹ̀ kẹ̀? Àwa méjì tí ilẹ̀kùn wa kọjú síra la ó jẹ ẹ́.”